Irin gbígbé lẹ́yìn àádọ́ta ọdún: kí ló ń ṣeni léṣe gan-an?

Bí ẹ bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ìmọ̀ràn méjì tó ta kora nípa ohun tó wúwo. Àwọn ọmọ yín á ní, "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀ jàre, ẹ má gbé e, ẹ̀yìn yín o." Dókítà, tàbí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà, á tún ní kí ẹ máa gbé irin kí egungun yín má bàa rọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá ń dúró sáàárín méjèèjì. Wọ́n á ra dọ́ńbẹ́ẹ̀lì kékeré kan, irin ìgbé tí ọwọ́ kan ń dì mú, wọ́n á máa jù ú sókè sódò níwájú tẹlifíṣọ̀n, agbára ò ní wá, wọ́n á sì parí ọ̀rọ̀ sí pé irin gbígbé ò wúlò fún àgbàlagbà.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín ni pé ọjọ́ orí kọ́ ló ń ṣeni léṣe nídìí irin, ìwúwo irin náà kọ́ sì ni. Fífò tí à ń fò láti orí ìwúwo kan bọ́ sórí òmíràn kí ara tó múra tán, òun ni. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń sún un síwájú lè gbé ohun tó wúwo dáadáa ní ọgọ́ta, ní àádọ́rin ọdún, kí alẹ́ lẹ́, kó sùn láìsí "yéè, ẹ̀yìn mi".

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń bọ́ lọ lára. Láti bí ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ti ń dín kù, nǹkan bí 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Tó bá ti di lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, ó ń yára sí i. Agbára sì tún ń lọ kíákíá ju iṣan fúnra rẹ̀ lọ. Èyí tó ń dín kù jù lọ ni irú iṣan tó ń yára ṣiṣẹ́, tó ń ju ẹsẹ̀ síwájú wàrà nígbà tí ènìyàn bá kọsẹ̀, kó má bàa ṣubú. Ìdí nìyẹn tí bàbá kan fi lè máa rìn káàkiri àdúgbò láràárọ̀, kó máa rò pé koko lara òun le, títí di ọjọ́ tí omi ilẹ̀ balùwẹ̀ bá yọ̀ ọ́. Rírìn dára fún ọkàn àti fún ẹ̀jẹ̀, mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú rárá. Àmọ́ kò lè dá irú iṣan yẹn padà fúnra rẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí ẹ lè ṣe nílé lónìí. Ẹ wá àga tí ìjókòó rẹ̀ le, tí kò ní táyà, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ẹ jókòó, ẹ ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ẹ dìde dúró ṣánṣán, ẹ tún jókòó, ìgbà 5 léraléra, bó bá ti lè yá yín tó. Kí ẹnì kan máa wo aago. Bó bá gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, ìlànà tí àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù ń lò sọ pé ó ṣeé ṣe kí agbára iṣan ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ ò bá sì lè dìde láìfọwọ́ ti itan, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ wà.

Ṣé ohun tó ti lọ lè padà? Ó lè padà, ó sì lè padà ní ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò. Ìwádìí kan jáde ní 1990 láti ọ̀dọ̀ Dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Arúgbó 10 tó ń gbé ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ni wọ́n kó jọ. Ẹni tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 86, ẹni tó dàgbà jù jẹ́ 96. Ìgbà 3 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbé irin. Kì í ṣe irin ṣeréṣeré o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wúwo jù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Àwọn 9 ló parí rẹ̀, agbára ẹsẹ̀ wọn sì fi 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Méjì nínú wọn ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. "Wúwo" tí wọ́n ń sọ yẹn, ti ẹni tó ń gbé e ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Fún ẹni àádọ́rùn-ún ọdún tí iṣan rẹ̀ ti gbẹ, kílò mélòó kan péré lè jẹ́ ohun wúwo. Fún ọmọkùnrin tó ń ru símẹ́ńtì, kílò 50 lè jẹ́ iṣẹ́ òwúrọ̀ lásán. Nígbà tí dókítà bá ní kí ẹ gbé ohun tó wúwo, ohun tó wúwo fún yín ló ń wí, kì í ṣe ohun tó wúwo fún aládùúgbò yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni dọ́ńbẹ́ẹ̀lì kílò kan tí ẹ lè gbé ní ìgbà 100 kò lè fún yín ní ohunkóhun, torí ara ò rí ìdí tó fi yẹ kó yí padà.

Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ìwádìí kan tó jáde ní 2018 lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Obìnrin 101 tí nǹkan oṣù ti dá lára wọn, tí egungun wọn sì ti ń fúyẹ́, ló kópa níbẹ̀. Apá kan nínú wọn ń gbé ọ̀pá irin nílẹ̀, wọ́n ń gbé e lé èjìká lóṣòó, wọ́n ń tì í sókè orí, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan, fún oṣù 8. Egungun ẹ̀yìn wọn le sí i, ìpalára kan ṣoṣo tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ ni ẹ̀yìn tó dun ẹnì kan díẹ̀. Irú àwọn obìnrin tí à ń sọ fún pé kí wọ́n má ṣe gbé garawa omi mọ́ nìyẹn! Ṣùgbọ́n gbogbo oṣù àkọ́kọ́, ohun tó fúyẹ́ ni wọ́n fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dúró àti bí wọ́n ṣe máa tẹ̀, amòye sì dúró tì wọ́n títí tó fi parí. Oṣù àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn ń fò dá.

Ìdí tó fi léwu láti fò ó rèé. Nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, agbára yín á máa lọ sókè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, inú yín á sì dùn. Iṣan ò tíì tóbi nígbà náà. Ọpọlọ ló ń kọ́ bó ṣe máa pe iṣan tó ti wà nílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Iṣan fúnra rẹ̀ á wá máa pọ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ ẹnì kẹta wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kì í yára: tẹ́ńdọ̀nì, okùn líle tó so iṣan mọ́ egungun. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kéré, oṣù ló fi ń ka ìlọsíwájú tirẹ̀, kò fi ọ̀sẹ̀ kà á. Bí a sì ṣe ń dàgbà, ó ń pẹ́ sí i kó tó tún ibi tó bá fà ya ṣe. Oṣù kejì, oṣù kẹta wá dé, iṣan ní òun ti ṣe tán, ọpọlọ ní òun ti mọ̀ ọ́n, ènìyàn á fi kílò 10 kún irin lọ́jọ́ kan ṣoṣo torí pé ara yá a. Èjìká tàbí ìgbọ̀nwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á sì ní ọjọ́ orí ni.

Ẹ tún wo ìṣirò tó wà níbẹ̀. Ọ̀pá irin gígùn tó wọ́pọ̀ ní jíìmù, láìkó nǹkan kan sí i, kílò 20 ni. Bí ẹ bá fi àwo kílò 5 sí apá ọ̀tún àti apá òsì, ó di 30. Fún ẹni tó ń gbé 100 tẹ́lẹ̀, kílò 10 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Fún ìyá tó ń gbé 20, ìdajì gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n gbé ni wọ́n fi kún un lójú kan náà. Ẹ béèrè àwo kékeré lọ́wọ́ wọn, ti kílò 1.25. Bí jíìmù kan kò bá ní in, a jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Ní tèmi o, nílé ni mo máa ń ní kí àgbàlagbà ti bẹ̀rẹ̀, píọ̀ wọ́tà ni mo sì fẹ́ràn jù. Omi lítà kan, kílò kan ni. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tó jẹ́ 50cl, ìdajì kílò nìyẹn. Odidi àpò rẹ̀ tí ọ̀rá 20 wà nínú rẹ̀, kílò 10. Ẹ wá báàgì Ghana Must Go tí ọwọ́ rẹ̀ lágbára, ẹ to ọ̀rá 12 sínú rẹ̀, kílò 6 ti wà níkàáwọ́ yín. Lọ́sẹ̀ tí ìyẹn bá rọrùn, ẹ fi ọ̀rá kan kún un. Kò sí jíìmù kankan tó lè fún yín ní ìṣísẹ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní oṣù mẹ́fà, odidi àpò kan lè wà nínú báàgì yẹn pẹ̀lú ọ̀rá mélòó kan lórí, kí tẹ́ńdọ̀nì yín sì ti bá yín débẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa gbé e rèé, torí ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ti ń bàjẹ́. Ẹ gbé báàgì sórí àpótí ìjókòó kékeré, kó má ṣe wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró tì í pẹ́kípẹ́kí, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan itan yín, ẹsẹ̀ méjèèjì ní ìwọ̀n èjìká. Ẹ wá ti ìdí sẹ́yìn, bí ìgbà tí ẹrù kún ọwọ́ èèyàn tó fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn. Orúnkún á tẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀, àyà á dojú kọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ tẹ̀ kọrọdọ. Tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀yìn itan ń fà, ẹ ti wà níbẹ̀. Ẹ di ọwọ́ báàgì mú ṣinṣin, ẹ fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kí ìdí padà síwájú, kí ẹ dìde. Ọwọ́ kàn ń di báàgì mú ni, kì í ṣe òun ló ń fà á. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta gbé e padà sórí àpótí. Ẹ má ṣe jù ú. Ìrọra-sọ̀-kalẹ̀ yẹn ń kọ́ tẹ́ńdọ̀nì lẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀.

Tí ẹ bá fi jíjókòó-dìde lórí àga kún ìyẹn (báàgì ní àyà nígbà tó bá yá), kí ẹ máa fi ọwọ́ méjèèjì ti ara yín kúrò lára ògiri, lẹ́yìn náà lára tábìlì tó dúró gbọn-in, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ kan fa báàgì láti ilẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ìhà, gbogbo ara ti rí iṣẹ́ ṣe. Ní ti títi nǹkan sókè orí, ẹ dánwò ná: ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ gbé ọwọ́ òfìfo sókè. Bí ọwọ́ ò bá kan ògiri láìjẹ́ pé ẹ̀yìn tẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ má tíì gbé ìwúwo lọ sókè orí. Ẹ máa ti ògiri yín lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó wúwo tó? Mi ò ní ní kí ẹ dán ohun tó wúwo jù wò láé, torí ọjọ́ ìdánwò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń fara pa. Ẹ máa ka ohun tó ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá gbé e ní ìgbà 10, ẹ bi ara yín léèrè pé, "Ká ní wọ́n fipá mú mi, ìgbà mélòó ni ǹ bá tún gbé e kó tó bà jẹ́?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ dúró. Bó bá jẹ́ mẹ́wàá, ó ti fúyẹ́ jù. Bó bá jẹ́ òdo, tí ọ̀nà tí ẹ fi ń gbé e ti yí padà, tí ẹ̀yìn ti tẹ̀, tí èjìká ti gun etí, ẹ ti kọjá ààlà. Ìwádìí sì ti fi hàn pé iṣan lè pọ̀ sí i bákan náà pẹ̀lú ìwúwo díẹ̀ tí a gbé ní ìgbà púpọ̀, bí a bá ṣáà ti gbé e súnmọ́ ibi tó ń nira. Ìtura ńlá nìyẹn fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ ò fẹ́ ìwúwo.

Ẹ wo Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé irin níbi ìdíje àwọn aláàbọ̀ ara. Ní 2012, fàdákà ló gbà níbi ìdíje Paralympics ní London. Ní Paris ní 2024, lẹ́yìn ọdún 12, ó dùbúlẹ̀ sórí pátákó, ó ti kílò 167 kúrò láyà, ó sì gba wúrà. Ẹnikẹ́ni tó bá rí irin yẹn á rò pé ìwúwo ló yẹ kó bani lẹ́rù. Ọdún tó wà láàárín ìdíje méjèèjì ni kí ẹ wò. Ara tó fara da kílò 167, ó ti ń sún ìwúwo síwájú díẹ̀díẹ̀ bọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìrora ló kù tó ń da ènìyàn láàmú jù. Ara ríro tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, tó le jù ní bí ọjọ́ kejì sí ìkẹta, tó tàn ká iṣan lápá ọ̀tún àti òsì, tó sì ń rọ̀ bí ẹ ṣe ń rìn káàkiri: ìyẹn kì í ṣe ìpalára. Ẹni tuntun ló máa ń ṣe jù. Ìrora tó mú lójú kan, ní oríkèé, tó ta gán-ín nígbà tí ẹ ń gbé nǹkan lọ́wọ́, tó wú, tàbí tó ń jí yín lóru, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bó bá ń ta láti ẹ̀yìn lọ sí ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń kú tipiri, ẹ lọ rí dókítà. Bí ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ ò bá wá ṣeé mú mọ́ra pẹ̀lú rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.

Àmọ́ láàárín méjèèjì, ibì kan wà tí à ń ṣe àṣìṣe: orúnkún dun ènìyàn díẹ̀, ó dá gbogbo rẹ̀ dúró fún oṣù mẹ́ta, ó fi òróró pa á, ó jókòó. Tẹ́ńdọ̀nì tí kò rí iṣẹ́ ṣe ń rẹ̀wẹ̀sì sí i. Bí ìrora náà bá kéré, tí kò le sí i bí ẹ ṣe ń gbé nǹkan lọ, tó sì ti padà sí bó ṣe wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dín ìwúwo kù, ẹ dín ibi tí ẹ ń tẹ̀ dé kù, ẹ gbé àga tó ga sí i, ẹ máa bá a lọ. Bó bá le sí i lọ́jọ́ kejì, ẹ ti ṣe é jù, ẹ tún dín in kù sí i.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ó pọ̀ láàárín wa, kò sì yẹ ká fi í ṣeré. Ní 1985, àwọn olùwádìí kan ní Kánádà wọn bí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin 5 ṣe ń ru tó nígbà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti irin wúwo gidigidi títí agbára wọn fi tán. Ìpíndọ́gba rẹ̀ dé 320 lórí 250. Ìwúwo tó súnmọ́ òpin agbára àti èémí tí wọ́n sé mọ́nú ló fà á. Fún àgbàlagbà, ẹ má ṣe sé èémí. Ẹ fà á símú nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ tú u jáde lẹ́nu nígbà tí ẹ bá ń dìde. Bí ẹ bá ka iye rẹ̀ sókè, "ẹẹ́ta, ẹẹ́rin", èémí ò lè sé. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì wálẹ̀ pẹ̀lú oògùn, ẹni tí àyà ń dùn, ẹni tó ní ìpá, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Àjọ ìlera àgbáyé náà sọ bẹ́ẹ̀ ní 2020: ó kéré tán, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú eré tó ń kọ́ ara bí a ṣe ń dúró gbọn-in fún ẹni tó bá ti lé ní 65. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ méjì ó kéré tán wà láàárín wọn.

Oúnjẹ wa ló máa ń já wa kulẹ̀ jù. Ẹ̀bà rẹpẹtẹ pẹ̀lú ẹja tó tó ìka méjì ò lè kọ́ iṣan. Àwọn amòye dábàá gíráàmù 1 sí 1.2 purotéènì lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan ara àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ dára. Ẹni kílò 70 nílò nǹkan bí gíráàmù 70 sí 84. Ẹyin kan ní bíi 6 péré. Ẹ̀wà, mọ́ín-mọ́ín, wàrà, ẹja, ẹran, kí ọ̀kan nínú wọn wà nínú oúnjẹ àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́, kó má jẹ́ alẹ́ nìkan. Kí ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ ná.

Ohun kan ṣì kù tí kóòṣì kì í sábà sọ. Ibà á dé, ìrìn àjò á dé, òkú àgbà á dé tí ẹ ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe aájò. Nígbà tí ẹ bá padà dé, ọwọ́ yín á fẹ́ lọ sórí ìwúwo tí ẹ fi sílẹ̀, torí ọpọlọ ò tíì gbàgbé rẹ̀. Ẹ kó ìdajì ọ̀rá náà kúrò nínú báàgì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdajì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí oríkèé kankan ò bá ṣàròyé, ní ọ̀sẹ̀ kẹta ẹ lè padà sí ibi tí ẹ wà kí ẹ tó lọ.